"Màmá, kí lẹ ti kán sí i?"

Ìyá Ìbejì, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́:

Kẹ́hìndé mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ọ̀fìnkìn ti ń bá a jà fún ọjọ́ mélòó kan. Lóru ọjọ́ kan ni ara rẹ̀ gbóná janjan, tó ń fa etí ọ̀tún, tó ń ké. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán àdín sí i. Mo kán an. Aládùúgbò ní omi ọmú ló ń ṣiṣẹ́, mo tún fún un sí i. Kẹrosíìnì nìkan ni n kò dé ìdí rẹ̀, ẹnì kan sì dárúkọ rẹ̀! Ilẹ̀ mọ́, ọyún ń jáde, igbe ti dákẹ́, ọmọ ń ṣeré. A ní àdín ti jẹ́.

Kò jẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọyún fi ń dà, tó ń rùn, kí n tó gbé e dé ọsibítù. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn tí mo fi ṣe àkọlé. Ojú tì mí. Ó fi iná wò ó, ó ní ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú ihò etí, ti lu. Ọyún ló kún ẹ̀yìn rẹ̀ lóru ọjọ́ náà tó ń tì í. Bó ṣe lu ni ìrora rọlẹ̀. Ó ní ọ̀nà tó so imú mọ́ etí kúrú lára ọmọdé, ó sì tẹ́, òun ni ọ̀fìnkìn fi ń tètè ran etí wọn. Bí etí bá ti ń tú fún ọjọ́ 14, ó ti di èyí tó pẹ́ lára nìyẹn.

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa lọ́ aṣọ funfun tó mọ́ bí òwú fìtílà, kí n fi fa ọyún títí á fi gbẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí n tó kán oògùn. Kí omi má kàn án. Kí n má sì lọ ra èyí tó bá wù mí ní kẹ́míìsì, torí àwọn kan wà tó ń ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí ìlù etí bá ti lu.

Mẹkáníìkì, Ọ̀bà-Ilé:

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Tèmi, igbátí ni. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Etí hó fííí, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ó dà bí ẹni tó korí bọ inú ìkòkò. Nọ́ọ̀sì ní kí n má kán nǹkan kan sí i rárá, kí n má fun imú tagbáratagbára, kí n fi òwú tí mo fi Vaseline pa dí i bí mo bá ń wẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí ibi tó lu lára ìlù etí náà fi dí fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n má sọ fún màmá mi. Mo sọ.

Tíṣà, Oǹdó:

Ọmọ kíláàsì mi kan ki ẹ̀wà bọ etí. Kí n tó dé, ẹnì kan ti bu omi sí i. Ẹ̀wà wú! Wọ́n ní láti fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó yọ ọ́. Kòkòrò ààyè ni wọ́n ń fi òróró pa nínú etí, ìyẹn bí ìlù rẹ̀ ò bá lu. Kì í ṣe ẹ̀wà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́:

Ìdérí báírò ni mo fi ń ro tèmi. Ó wú, bí mo bá kàn fọwọ́ fa etí náà, omijé dé. Dókítà ní fífà yẹn gan-an ló fi mọ̀ pé ihò ìta ni, kì í ṣe ẹ̀yìn ìlù.

Ìyá Ìbejì:

Àbúrò mi, sọ báírò yẹn nù. Etí Kẹ́hìndé ti gbẹ, wọ́n ní ká mú un padà wá kí wọ́n yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò. Ìyá ọkọ mi ti gbé ìgò àdín kúrò nítòsí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní irun orí àwọn nìkan ni àwọn ń fi pa báyìí.