Oje ìbẹ́pẹ mi ń dí asẹ́, papain inú rẹ̀ sì ń sọnù: ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Òkè-Fíà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú yàrá ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Òṣogbo ni mo wà, ọdún tí mo máa jáde nìyí, papain inú oje ìbẹ́pẹ, purotéènì tó ń já purotéènì míì wẹ́wẹ́, ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìyá mi tó ń gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sínú ìkòkò nígbàkígbà tó bá ra adìẹ tó ti yé ẹyin gbó lọ́jà Igbọ̀nà, ẹran tó le bí bàtà á sì rọ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí, òun nìkan, láìsí ìdọ̀tí lára rẹ̀.

Oko bàbá mi lọ́nà Ìlobùú ni mo ti ń mú oje náà. Kí oòrùn tó mú ni mo ti ń débẹ̀. Mo máa fi abẹ fa ìlà mẹ́rin sára èso, láti òkè wá sísàlẹ̀, kò ní jìn ju mìlímítà méjì lọ, oje funfun á máa kán sínú abọ́ oníke. Mi ò jẹ́ kó dúró nínú ohun irin, torí ó máa ń dúdú. Ìbọ̀wọ́ kì í kúrò lọ́wọ́ mi, oje yẹn máa ń bó èèyàn lára. Mo pò ó mọ́ bọ́fà, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí kíkan rẹ̀ yí padà, mo fi aṣọ ìsẹ́gì sẹ́ ẹ, ó kù bíi 40 ml, ó sì funfun bí omi ògì.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fà á sínú sírínjì, mo fi asẹ́ kékeré tí ojú ihò rẹ̀ jẹ́ 0.22 máíkírọ́ọ̀nù sí i lẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́. 3 ml péré ló jáde tó fi dí. Mo tún fi agbára tẹ̀ ẹ́, asẹ́ bẹ́, oje tú sí mi láṣọ. Asẹ́ mẹ́rin ti lọ báyìí, owó oúnjẹ mi ni mo fi rà wọ́n.

Èyí tó dùn mí jù ni pé èyí tó jáde, tó mọ́ gaara, kò lágbára. Kí n tó sẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú méjì ló fi ń mú mílíìkì dì. Lẹ́yìn tí mo sẹ́ ẹ, ó di ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Iye purotéènì tí mo fi Bradford, aró tó ń yí àwọ̀ padà bí purotéènì bá wà, wọ̀n já láti 1.8 mg/ml sí 0.9. Nylon ni wọ́n kọ sára páálí asẹ́ náà. Níbo ni papain mi wọlé sí?

Alásẹ́:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ara asẹ́ yẹn ni ìdajì papain rẹ wà. Nylon máa ń di purotéènì mú bí aró ṣe ń di aṣọ mú. Tó bá jẹ́ omi lásán lò ń sẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n fún purotéènì, asẹ́ tí wọ́n fi ike PES ṣe ni kó o rà, tàbí ti PVDF tó jẹ́ irú tí kì í di purotéènì mú, tàbí cellulose acetate. Béèrè dáadáa kó o tó sanwó, torí gbogbo wọn ló funfun, wọ́n jọra wọn lójú. Kọ́kọ́ fi bọ́fà nìkan rẹ asẹ́ kí oje tó débẹ̀.

Ní ti dídí tó ń dí, ta ló ń da ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀rọ dé sínú asẹ́ tó dí jù lọ nílé? Oje ìbẹ́pẹ kún fún ohun tó ń fà bíi rọ́bà. Yí i nínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń fi yíyí kíákíá mú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rilẹ̀, ní 10,000 g (ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀, kì í ṣe gíráàmù) fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní 4°C. Rọra fa omi tó tòrò lókè, má fọwọ́ kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, sẹ́ ẹ pẹ̀lú bébà Whatman No. 1, tí ojú rẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 11, lẹ́yìn náà 0.45, kó o tó wá dé 0.22. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ń gbọ̀n lórí sírínjì, dúró, pààrọ̀ asẹ́. Asẹ́ tó bá sì ti bẹ́, má lo ohun tó jáde láti inú rẹ̀. Má jẹ́ kó máa hó o, ìfófòó ń ba purotéènì jẹ́.

Ìyá Yàrá-Ìdánwò:

Òótọ́ ni Alásẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọmọ mi, irú ìdọ̀tí wo lo fẹ́ yọ? 0.22 ń dá bakitéríà àti pàǹtírí dúró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀, ṣúgà àti purotéènì tó ti já wẹ́wẹ́, gbogbo wọn á bá papain kọjá.

Papain tóbi tó 23.4 kDa, ìwọ̀n tá a fi ń mọ bí purotéènì ṣe tóbi tó. Asẹ́ 10 kDa ló máa dá a dúró, tí wẹ́wẹ́ á sì kọjá lọ. Ibí yìí gan-an ni kó o ti fiyè sí i: tá a bá ń sẹ́ ògì, ohun tó kọjá là ń mú, a ó da èèrí nù. Nínú asẹ́ 10 kDa, ohun tó kù lókè asẹ́ ni tìrẹ. Mo ti rí ọmọ kan tó da tòkè nù, iṣẹ́ oṣù kan ló dà sínú síńkì. Mo jókòó tì í títí ó fi sunkún tán. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan nù kí wọ́n tó fi Bradford wọ̀n ọ́n.

Bí owó asẹ́ yẹn bá pọ̀ jù, ra ọ̀pá dialysis 12–14 kDa, ọ̀pá rírọ̀ tí ohun wẹ́wẹ́ ń gba ara rẹ̀ jáde sínú bọ́fà, ó máa dá papain dúró. Rọ 20 ml sínú rẹ̀, so ó lẹ́nu méjèèjì, rì í sínú bọ́fà lítà méjì, kó o pààrọ̀ bọ́fà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń dín iyọ̀ kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó o bá fún un láàyè tó.

Chymopapain, ìbátan papain tó wà nínú oje kan náà, kò ní lọ o. Òun àti papain fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, kò sí asẹ́ tó lè yà wọ́n.

Aráa Ẹdẹ:

Mo wo nọ́ńbà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Purotéènì já sí ìdajì, àmọ́ agbára rẹ̀ já ju ìdajì lọ dáadáa. Ara asẹ́ nìkan kọ́ ni ẹjọ́ yẹn wà. Afẹ́fẹ́ ń mú papain sùn. Fi cysteine, tó ń jí i, àti EDTA, tó ń di wẹ́wẹ́ irin inú rẹ̀ mú, sí díẹ̀ lára rẹ̀, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó o tó dà á sínú mílíìkì. Má fi cysteine sí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o, papain tó bá jí á máa jẹ ara rẹ̀.

Ti ọ̀pá dialysis yẹn, inú òtútù ló yẹ kó wà. Bí iná bá lọ ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Fíà:

Ẹ ṣeun gidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe é.

Mo yí i, ó tòrò. Asẹ́ PES 0.45 kan àti 0.22 kan ni mo lò fún 20 ml, kò dí. Bradford mú 1.7 jáde lẹ́yìn centrifuge, 1.6 lẹ́yìn 0.22. Mo fi cysteine jí díẹ̀ nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mílíìkì dì kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Mo dìde lórí àga.

Mo wá fi ọ̀pá dialysis ṣe ìyókù. Iná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ lóòótọ́. Mo ti ra yìnyín sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan ní Ọ̀láìyá, mo gbé ike bọ́fà sínú kúlà, mo kó yìnyín yí i ká. Mo pààrọ̀ bọ́fà ní aago mẹ́wàá, ní aago méjì òru, àti ní aago mẹ́fà ìdájí. Ìyá Yàrá-Ìdánwò, mà, mi ò da nǹkan kan nù, bọ́fà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú gálọ́ọ̀nù, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára.

Chymopapain ló kù. Mo kà á pé CM-cellulose, ìyẹ̀fun tó ń fi iná mànàmáná ara rẹ̀ di purotéènì mú, lè yà wọ́n torí iná mànàmáná ara wọn kò dọ́gba. Bí ẹnikẹ́ni bá ní díẹ̀ tó lè yá mi, láti Ìbàdàn títí dé Ilé-Ifẹ̀, mo máa wá gbé e fúnra mi.