Olùkọ́ wo ni kí ọmọ mi bẹ̀ fún lẹ́tà ìjẹ́rìí?

Ìyá kan, Ọbà-Ilé, Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́. Ọmọbìnrin mi wà ní SS3, ó sì fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì tí ó ń wò ló ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ olùkọ́ méjì, yàtọ̀ sí èyí tí kánsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò kọ. Bàbá rẹ̀ ní kí a lọ bá píríńsípà, nítorí pé òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò buyì kún un. Ọmọ fúnra rẹ̀ ń fẹ́ olùkọ́ Ìṣirò, nítorí pé ibẹ̀ ni máàkì rẹ̀ ti ga jù. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọkàn tèmi ń fà sí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ni máàkì rẹ̀ níbẹ̀. Ní SS1, olùkọ́ yìí fi bírò pupa kun àròkọ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ náà sunkún wálé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó tún àròkọ náà kọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, tí ó sì ń gbé e padà lọ bá olùkọ́ náà ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn yunifásítì kan máa ń ti ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ní November 1, ọjọ́ sì ń lọ. Ta ni kí a bẹ̀?

Olùkọ́ Físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó:
Ìyá wa, ẹ kú àníyàn. Mo kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn tí mo kọ́kọ́ kọ kò sì dára, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ọ́n kọ nílẹ̀ wa ni pé ọmọlúàbí ni, kì í pẹ́ dé kíláàsì, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeé kọ fún gbogbo ọmọ tó wà nínú kíláàsì, nítorí náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹyọ kan nínú wọn. Èsì ìdánwò ti wà níwájú àwọn tí yóò ka lẹ́tà náà. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí ọmọ ṣe ń ronú àti ohun tí ó ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá le. Àròkọ tí a tún kọ lẹ́ẹ̀mẹrin yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹ bẹ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti olùkọ́ Ìṣirò, ẹ bi ọmọ náà léèrè ọjọ́ tí olùkọ́ yìí rí i tí iṣẹ́ kan há a lọ́rùn. Bí kò bá rí ọjọ́ kankan tọ́ka sí, máàkì nìkan ni olùkọ́ náà mọ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àró:
Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ni a bẹ̀ fún àkọ́bí mi, ẹni tí kò kọ́ ọ ní nǹkan kan rí. Wọ́n fi lẹ́tà náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n lọ fi ránṣẹ́ ní káfé. Ìlà mẹ́rin péré ni, ní ìlà kẹta wọ́n sì pe ọmọkùnrin mi ní ọmọbìnrin. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń wo òǹtẹ̀ ńlá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n kí bàbá ọmọ má bínú o: bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní kánsẹ́lọ̀, píríńsípà lè kọ èyí tó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ rẹ̀ ti wúlò.

Ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà:
Ẹ kú ilé mà. Ẹ ka ohun tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń béèrè dáadáa. MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, fẹ́ kí olùkọ́ kan jẹ́ ti Ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, kí èkejì jẹ́ ti èdè, ìtàn tàbí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní kí ẹ má wá olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Lórí Common App, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò fún ìforúkọsílẹ̀, wọn yóò bi ọmọ yín bóyá ó jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ tí òfin Amẹ́ríkà ọdún 1974 fún un láti ka lẹ́tà náà. Kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, torí pé lẹ́tà tí olùkọ́ kọ láìbẹ̀rù pé ọmọ yóò kà á ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ímeèlì olùkọ́ gan-an ni kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi tiyín síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìjápọ̀ tí yóò fi kọ ọ́ yóò gbà dé. Bí olùkọ́ bá sì ní kí ọmọ kọ ọ́ wá kí òun fọwọ́ sí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ fún un. Ohun tí ọmọ lè ṣe ni kí ó kọ ojú ìwé kan nípa àwọn iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe, kí ó fi rán olùkọ́ létí, kí ó sì fún un ní oṣù kan ó kéré tán.

Ìyá kan, Ọbà-Ilé, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo bi í ní ìbéèrè tí bàbá olùkọ́ ní kí n bi í. Ó dákẹ́ lórí Ìṣirò títí. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa olùkọ́ Kẹ́místírì, ẹni tí a kò tilẹ̀ dárúkọ nínú ilé: bí ìdáhùn òun kò ṣe bá ti àwọn yòókù mu ní láàbù, tí olùkọ́ náà kò sọ pé ó gbà tàbí kò gbà, tí àwọn méjèèjì sì dúró fọ gbogbo ìgò náà lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ ti parí, tí wọ́n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti ń kọ ojú ìwé náà lọ́wọ́ báyìí. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti olùkọ́ Kẹ́místírì.