Ṣé ó yẹ kí amòòkùn fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ẹni tó ti rì láti àárọ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí. Ní etí ọ̀sà wa, àwọn apẹja ni a kọ́kọ́ ń pè kí àwọn panápaná tó dé. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fi okùn ìbàdí rẹ̀ fà jáde, tí ètè rẹ̀ ti dúdú, tí kò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá ti rì láti òwúrọ̀.

Ìyá Ìbejì: Okùn yẹn ló yọ ọ́. Àbúrò ọkọ mi kò so okùn kankan, igi àkájà, àwọn ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ inú ọ̀sà kí ẹja lè kó sí i, sì há a mọ́ ìsàlẹ̀ níbi tí ènìyàn kò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Òkú méjì ni a sin.

Ará Kétu: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á tètè pe ẹni tó rì ní òkú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon-4 dojú dé ní òkun Nàìjíríà. Òkú ni àwọn amòòkùn wá gbé, ṣùgbọ́n wọ́n bá Harrison Okene láàyè lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 60.

Ọmọ Sabẹ: Wákàtí 60 lábẹ́ omi? Báwo?

Ará Kétu: Afẹ́fẹ́ há sínú yàrá kan nínú ọkọ̀ náà, ní nǹkan bí mítà 30 sísàlẹ̀.

Bàbá Olóko: Ọ̀sà kò ní yàrá, ọmọ mi. Àwọn tó yọ ọ́ ní ohun èlò, wọ́n sì fi í sínú àgọ́ irin tí wọ́n ti ń dín ìfúnpá afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé bí wọ́n bá fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè kú. Saman Kunan, amòòkùn tó kú ní ọdún 2018 nínú ihò Thailand níbi tí omi ti há àwọn ọmọdé mọ́, ológun ojú omi tẹ́lẹ̀ rí ni. Ó ń bọ̀ láti ibi tó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ lọ ni.

Ọmọ Sabẹ: Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba owó. Mo rí ọlọ́kọ̀ kan tó ní òun kò ní wọ omi àfi kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó, níṣojú ìyá olókùú.

Ìyá Ìbejì: Ìwà ìkà ni.

Bàbá Olóko: Bó bá kú ńkọ́, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀? Ìlú ni ó yẹ kó sanwó náà, kì í ṣe ìyá tó ń sunkún.

Apẹja Ọ̀sà: Èmi máa ń wọ omi náà. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń mí kíkankíkan kí wọ́n tó mòòkùn: ara kì í ta wọ́n lólobó mọ́ pé afẹ́fẹ́ ti ń tán, wọ́n á sì dákú sísàlẹ̀. Bí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rì, mo máa ń wọlé lójú ẹsẹ̀, tokùn-tokùn. Bó bá ti pẹ́, tí ilẹ̀ sì ti ṣú, mo máa ń sọ fún àwọn ẹbí pé ó di òwúrọ̀.