Irinṣẹ́ wo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gbẹ́ igi kọ́kọ́ ní?

Olùkọ́ láti Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí igi gbígbẹ́ ti ń wù mí. Ní oṣù tó kọjá, mo ra ṣísẹ́ẹ̀lì méjìlá tí wọ́n dì pọ̀ sínú àpò kan, nítorí pé wọn kò wọ́n. Kò tó wákàtí méjì tí mo fi wọ́n gbẹ́ igi ìrókò tí ẹnu mẹ́ta nínú wọn fi ká, tí èèkù ọ̀kan sì yọ. Mo ń bẹ̀ yín, irinṣẹ́ mélòó ni mo nílò ní tòótọ́, ṣé ọjà sì ni kí n ti rà wọ́n ni àbí kí n lọ bá alágbẹ̀dẹ? Ṣíbí àti àwo kékeré ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá yá, mo fẹ́ gbẹ́ orí ènìyàn.

Agbẹ́gilére láti Èkìtì:
Ẹ kú ìfẹ́ iṣẹ́ yìí, Olùkọ́. Kí ẹ tó ka iye irin, ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ìpele mẹ́rin ni àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń kà: ọnà lílé, níbi tí a ti ń bu ìrísí ère jáde lára ìtì igi, àlétúnlé, níbi tí orí, ọrùn àti apá ti ń yà sọ́tọ̀, dídán, tí ara rẹ̀ yóò fi jọ̀lọ̀, àti fínfín, nígbà tí a bá ń fín irun àti ilà ojú sí i. Irin tí ìpele kan ń béèrè yàtọ̀ sí ti èkejì, ìdí sì nìyẹn tí irin méjìlá tó jọra kò fi wúlò fún yín.

Àáké ni olórí wọn. Kì í ṣe ti agégi ni mo ń wí. Irin tèmi dábùú èèkù bíi ti ọkọ́, ọwọ́ kan ni a sì fi ń lò ó nígbà tí ọwọ́ kejì bá di igi mú. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ fi irin sipírìnì ọkọ̀ rọ ọ́ fún yín, kí ẹ sì gbé e wò lójú rẹ̀, nítorí àáké tó wúwo ju apá yín lọ yóò ti mú kó rẹ̀ yín kí ẹ tó lé ọnà tán. Ẹ wá ṣísẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ kan, òmíràn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi ṣíbí, ọ̀bẹ kékeré kan, àti kùmọ̀ onígi, nítorí òòlù onírin yóò la èèkù yín. Ó tán. Ewé ìpín ni a fi ń ha ara ère kí ó lè dán, kò sì sí ẹni tó ń rà á lówó ńlá.

Ẹ fi ìrókò sílẹ̀ ná. Igi ọmọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, tàbí mèlínà, rọ ọwọ́ tuntun lọ́rùn, pàápàá nígbà tó bá ṣì tútù. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ fi aṣọ tútù wé e kí ó má baà là.

Káfíńtà Òṣogbo:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí, ṣùgbọ́n òkúta ìpọ́nbẹ ni èmi ì bá kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ṣísẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń rí lọ́jà ni kò tíì mú rárá. Ẹ pọ́n ẹnu rẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 25, kí ẹ wá nù ún lórí awọ bẹ́líìtì àtijọ́ tí ẹ lẹ̀ mọ́ pákó. Láti dán an wò, ẹ fi gé orí igi rírọ̀ ní ìdábùú: bí ojú ibẹ̀ bá ń dán, ó ti mú, bí ilà funfun bá là á kọjá, ẹnu irin náà ti ṣẹ́ níbì kan. Àpá tó wà lọ́wọ́ òsì mi, ọ̀bẹ tí kò mú ló fà á, nítorí pé agbára ni mo fi ń tì í.

Ọmọ Ìlá ní London:
Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n ti bí mi, ìlú kan náà pẹ̀lú olóògbé Lámidi Fákẹ́yẹ, ẹni tí wọ́n bí sí ìdílé agbẹ́gilére, síbẹ̀ tó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Níbi tí mo wà, kò sí alágbẹ̀dẹ nítòsí, ariwo àáké kò sì ṣeé gbà nínú ilé alájà, nítorí náà irin àlòkù tí wọ́n ṣe ní Sheffield ni mo ń rà. Nọ́ńbà tó wà lára wọn ń sọ bí ẹnu ṣe tẹ̀ tó: 3 fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, 9 sì tẹ̀ wọnú bí ìlàjì òbírí. Nọ́ńbà 3 kan, 9 kan àti ọ̀bẹ ni mo fi gbẹ́ ṣíbí fún ọdún kan gbáko.

Olùkọ́ láti Ìbàdàn:
Mo dúpẹ́ gan-an ni. Ṣé kí n wá da àwọn méjìlá yẹn nù?

Agbẹ́gilére láti Èkìtì:
Rárá, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ yọ àwọn tí ẹnu wọn kò ká, kí ẹ fi wọ́n kọ́ irin pípọ́n. Ẹ kó àwọn mẹ́ta tó ká lọ fún alágbẹ̀dẹ nígbà tí ẹ bá ń lọ gba àáké. Bí irin wọn bá dára, yóò tún wọn fi sínú iná, yóò sì rì wọ́n sínú epo kí wọ́n lè le.