Ṣé ìwé ìnṣọ́ránsì lè tú àṣírí ọmọ fún bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 22 tó wà lórí ìnṣọ́ránsì ìlera bàbá rẹ̀, tó bá lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣé bàbá á mọ̀?

Èsì: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹni tó ni ìnṣọ́ránsì ni wọ́n sábà máa ń fi ìwé EOB (ìwé tó ń ṣàlàyé ìtọ́jú tí wọ́n gbà àti owó rẹ̀) ránṣẹ́ sí: ọjọ́ àyẹ̀wò, orúkọ ilé ìwòsàn, iye owó, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. HIPAA, òfin Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn, ò ní kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn tó bá jẹ́ ti owó sísan.

Èsì: Kó kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì, kó béèrè fún “confidential communications” (pé kí wọ́n máa fi ìwé tó kàn án ránṣẹ́ sí òun nìkan), kó sì fún wọn ní àdírẹ́sì mìíràn. Kó sọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ewu lè wu òun bí ìwé bá délé; ìyẹn ló ń sọ ọ́ di dandan fún wọn.

Èsì: Tó bá lágbára ẹ̀, kó san gbogbo owó náà látàpò ara rẹ̀, kó sì kọ̀wé fún ilé ìwòsàn kí wọ́n tó fi bíìlì ránṣẹ́ pé ìnṣọ́ránsì ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọn ò lè kọ̀. Àmọ́ ilé àyẹ̀wò tí wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ lọ ló máa ń ba nǹkan jẹ́: bíìlì tiwọn dá dúró. Kó kọ̀wé sí àwọn náà lọ́tọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun o. Ti ilé àyẹ̀wò yẹn ni mi ò rò rí.