Harpers Ferry: ta ni Harper yìí, níbo sì ni ẹbí rẹ̀ wọlẹ̀ sí?

Àlàdé Ẹ̀yìn Odi

Ẹ kú ilé o. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Amẹ́ríkà jù mí lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gbé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, lọ sí Harpers Ferry ní West Virginia. Olùkọ́ wọn ló ní kí wọ́n kọ àròkọ nípa John Brown, ọkùnrin tó kó ènìyàn 21 sẹ́yìn lóṣù kẹwàá ọdún 1859, tó lọ gba ilé ìbọn ìjọba níbẹ̀ kó lè fi dá àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ibi tí odò Shenandoah ti ń wọ inú Potomac ni abúlé náà wà, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, òkè lẹ́yìn. Mo pè é ní abúlé torí pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí kò tó 300. Lára ògiri ilé kan, wọ́n fi àmì sí ibi tí omi dé ní gbogbo ọdún tí odò ya wọ̀lú. Ti 1936 ló ga jù: ẹsẹ̀ bàtà 36 àti ààbọ̀ ni odò fi kún lọ́dún yẹn. Èmi náà ga o, àmọ́ ńṣe ni mo gbójú sókè kí n tó rí i.

Ọ̀rọ̀ John Brown ò tiẹ̀ wọ ọmọ yìí létí. Ohun tó ń bi mí ṣáá ni pé, "Dádì, àwọn Harper dà?" Mo ní a máa rí wọn. A gun àtẹ̀gùn òkúta, a dé Harper House, a tún gùn ún títí dé itẹ́ òkú Harper, orúnkún mi ń ké. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìtàn tí mo kà, Wager ni, Wager ni. Wager ló ta ilẹ̀ fún ìjọba, Wager ló kọ́ afárá, òtẹ́ẹ̀lì ìgbà ayé John Brown náà, Wager House. Ó wá dà bíi pé mo dé ilé Adé, Òjó ló ń kí mi káàbọ̀.

Ṣé àwọn Harper kó lọ ni? Àbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Ìbejì

Bọ̀dá Àlàdé, ẹ kú ìrìn o, ẹ sì fi òróró pa orúnkún yẹn. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Robert Harper ò bímọ ni.

Agbègbè Philadelphia ni wọ́n ti bí i. Kọ́lékọ́lé ni, ó sì tún mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé ọlọ, irú èyí tí omi ń yí. Ní 1747, àwọn ìjọ Quaker pè é pé kó wá kọ́ ilé ìjọsìn fún àwọn nítòsí odò Opequon ní Virginia. Ojú ọ̀nà ló wà tó fi yà gba ibi tí odò méjì ti pàdé yìí. Ẹ wo ẹni tó mọṣẹ́ ọlọ, tó wá rí irú omi bẹ́ẹ̀ tó ń ru gùdù láàárín òkúta. Ẹ̀yin àti èmi á máa wo odò, owó ni òun ń wò.

Kò sì bá ibẹ̀ lófìfo. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter Stephens ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 1733, ó ń fi ọkọ̀ kó èrò sọdá. Peter's Hole ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ihò Peter, torí bó ṣe rì sísàlẹ̀ láàárín àwọn òkè. Àmọ́ Peter ò níwèé. Orí ilẹ̀ Lọ́ọ̀dù Fairfax ló kàn jókòó sí. Harper fún Peter lówó, Peter palẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 1751, Harper lọ bá Fairfax tó nilẹ̀ gan-an, ó gba ìwé éékà 125. Ṣé ẹ rí i? Ó sanwó fún ẹni tó jókòó, ó tún sanwó fún ẹni tó nilẹ̀, kò fi àyè ẹjọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní 1761, àwọn aṣòfin Virginia fún un láṣẹ fẹ́rì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń kó èrò sọdá odò, lórí Potomac. Nígbà tó di 1763, wọ́n kọ orúkọ ìlú sínú ìwé: "Shenandoah Falls at Mr. Harper's Ferry." Ta ló fẹ́ máa pe gbogbo ìyẹn tán lójoojúmọ́? Ìdí rẹ̀ nìkan làwọn ènìyàn mú.

Ilé tẹ́ ẹ rí yẹn, 1775 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ogun òmìnira dé, iṣẹ́ ń fà, ó di ọdún méje. Rachel ìyàwó rẹ̀ kú ní 1780, òun náà kú ní 1782 tí ilé ń parí. Kò gbé inú rẹ̀ rí! Wọ́n máa ń sọ pé orí àkàbà ni Rachel ti já bọ́, pé ó sì ti ri góòlù mọ́ inú ọgbà láìsọ fún ẹnì kankan. (Ẹ má gbé ṣọ́bìrì lọ o. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni.)

Ilẹ̀ ibi fẹ́rì bọ́ sọ́wọ́ Sarah, ọmọ arákùnrin Harper. Harper ni Sarah náà, àmọ́ ó fẹ́ John Wager, ará Philadelphia. Bí ó ṣe di Wager nìyẹn.

Kọ́lá Kò Gbà

Ẹni tó tètè dé odò ló ń pọn omi tó tòrò, àbí? Peter ló tètè dé, Harper ló pọn ọ́n, Wager ló mu ún. Ní tèmi o, Peter's Hole ni mo ṣì ń pè é.

Ìyá Ìbejì

Kọ́lá, ìwọ lọ kọ́lé sínú ihò.

Baba Rélùwéè

Ẹ kú àsọyé, Ìyá Ìbejì. Ìdí afárá lẹ dúró sí, ẹ jẹ́ n bá yín sọdá.

Ní 1796, ìgbà tí George Washington wà lórí àga, àwọn Wager ta ilẹ̀ Harper fún ìjọba ní dọ́là 7,016 àti sẹ́ǹtì 66, láti fi kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa rọ ìbọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ta gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n mú éékà mẹ́fà sọ́wọ́, ní ẹnu ṣóńṣó ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ilẹ̀ yòókù, ti ìjọba ni. Òṣìṣẹ́ ń pọ̀ sí i, wọ́n ní láti rajà, ibo sì ni ṣọ́ọ̀bù lè wà? Lórí éékà mẹ́fà Wager. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi dá ọjà ibẹ̀ jẹ.

Ní 1824 wọ́n fi afárá onígi rọ́pò fẹ́rì, ẹni tó bá gorí rẹ̀ á sanwó. Látìgbà yẹn, kò sí Harper, kò sí fẹ́rì.

Àmọ́ Àlàdé, iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ rẹ mọ̀. Ẹni tí àwọn ọmọ ogun John Brown kọ́kọ́ yìnbọn pa, ọkùnrin dúdú ni, Heyward Shepherd, ẹni òmìnira, tó ń ru ẹrù èrò ní ibùdókọ̀ ojú irin. Torí àwọn dúdú ni wọ́n ṣe wá o! Ọ̀gá ibùdókọ̀ náà, Fontaine Beckham, tó tún jẹ́ olórí ìlú, jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n yìnbọn pa òun náà. Ìgbà tí wọ́n ṣí ìwé ìhágún rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí òun bá kú, kí wọ́n dá Isaac Gilbert pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú. Ìbọn tó pa ọ̀gá yẹn ló dá ìdílé kan sílẹ̀, ní ìlú tí John Brown ò ti rí ohun tó bá wá mú. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Àlàdé Ẹ̀yìn Odi

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n tún ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìlú lọ́dún 1763 kà. Ó ní, àmì kékeré tó wà lórí "Harper's" nígbà náà, tó fi hàn pé ti Harper ni, kò sí lórí pátákó tí àwa rí. Òótọ́ ni. Mo wá a wò: ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó orúkọ ibi láti 1890 kì í fẹ́ fi àmì yẹn sórí máàpù. Ọmọ mi ní, "Àní wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀!"

Heyward Shepherd ló fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀. Ojú ìwé kan ni olùkọ́ ní kí wọ́n kọ, ó ti wà lórí ìkẹta, John Brown ò tíì dé afárá.