Kí ló dé tí àpòlúkù tó ń da ẹran kì í da ara rẹ̀?

Olùbéèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà gùdù lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti ń kàwé nípa bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara ènìyàn. Wọ́n ní ásíìdì inú àpòlúkù lágbára débi pé ó ń tú ẹran palẹ̀, àti pé ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní pepsin ń gé purotéènì sí wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹran ni àpòlúkù fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ àpòlúkù ẹranko, yóò dà nínú rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ẹran yòókù. Kí wá ló ń dáàbò bo tirẹ̀? Ṣé ásíìdì náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ni, àbí ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó kan ẹran ara? Àwọn tí mo bi léèrè kò sọ ju pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni bó ṣe dá a.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì

Ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1772, John Hunter, oníṣẹ́ abẹ kan nílùú London, kọ̀wé pé òun rí i nínú àwọn òkú kan tí òun yẹ̀ wò pé apá kan àpòlúkù wọn ti yọ́, ihò sì ti wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìsàn ló fà á. Omi tó ń da oúnjẹ ló jẹ ẹ́ lẹ́yìn ikú. Èyí ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín: omi náà lè jẹ àpòlúkù dáadáa, kò yọ ẹran ara sílẹ̀. Iṣẹ́ kan tí ara ń ṣe tọ̀sántòru ló ń dí i lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sàn mọ́.

Ní ti bí ásíìdì náà ṣe le tó, àwọn tó kọ ìwé kò bù mọ́ ọn. Lórí òṣùwọ̀n pH, níbi tí omi lásán ti wà ní 7, omi inú àpòlúkù máa ń wà láàárín 1 sí 3 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìlọ́po mẹ́wàá ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà ásíìdì inú omi tó wà ní 2 fi ìlọ́po 100,000 pọ̀ ju ti omi lásán lọ. Àpòlúkù àgbàlagbà sì ń ṣe tó nǹkan bíi lítà 2 omi yìí lójúmọ́.

Ẹ wá wo ògiri àpòlúkù fínnífínní. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ ojú rẹ̀ ń tú ohun kan jáde láìsinmi, ohun tó ki, tó sì ń yọ̀ bí ikun imú, tó bo gbogbo ojú ògiri náà. Kò nípọn rárá, kò tó mílímítà 1. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, bó pẹ́ bó yá, ásíìdì yóò rìn ín já. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà tún ń tú bicarbonate sínú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bicarbonate sì ni ohun tó ń pa agbára ásíìdì. Ásíìdì tó bá fẹ́ kọjá yóò pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì yóò sì di omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Nípa bẹ́ẹ̀, pH lè jẹ́ 2 láàárín àpòlúkù, kó sì sún mọ́ 7 lójú sẹ́ẹ̀lì, tí kò sì sí nǹkan mìíràn láàárín wọn ju ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lọ.

Ibi tí bicarbonate ti ń wá ló máa ń yà mí lẹ́nu jù. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì kò lè ṣe é láìṣe bicarbonate pọ̀ mọ́ ọn: bó ṣe ń ta ásíìdì sínú àpòlúkù níwájú ló ń ta bicarbonate sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì gba abẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ojú ògiri kọjá, àwọn náà yóò bù nínú rẹ̀. Bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí wọ́n fi ń pa á náà ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fara mọ́ra típẹ́típẹ́ débi pé ásíìdì kò rí àlàfo gbà, wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó wà lójú ògiri yóò ti ṣí dànù, tuntun yóò sì ti rọ́pò wọn.

Apòògùn

Mo fara mọ́ àlàyé Olùkọ́, àmọ́ wọ́n fo pepsin, bẹ́ẹ̀ ásíìdì nìkan kọ́ ni ewu. Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńsáìmù yìí, purotéènì ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi mọ sẹ́ẹ̀lì, yàtọ̀ sí omi. Kí ló wá ń gba sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ ohun tó ń ṣe? Kì í ṣe pepsin ni ó ń ṣe. Pepsinogen ló ń ṣe, èyí tí ègé kan ṣì dí i lẹ́nu tí kò fi lè gé nǹkan kan. Ìgbà tó bá bọ́ sínú ásíìdì ni ègé náà tó já kúrò.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù fún ìfun kékeré. Àwọn tó ń gé purotéènì nínú wọn kì í jí títí wọn yóò fi dé inú ìfun. Nígbà mìíràn, wọ́n máa ń ṣèèṣì jí nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú pancreas, ohun tí ẹ̀ ń bẹ̀rù nípa àpòlúkù a sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an, nítorí pé pancreas yóò bẹ̀rẹ̀ sí í da ara rẹ̀. Òkúta inú òróòro àti ọtí àmujù ló sábà máa ń fà á. Irora rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì lè pa ènìyàn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé ọgbẹ́ inú wá túmọ̀ sí pé ààbò yìí ti já nìyẹn? Ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ni pé ebi ló ń fà á, pé bí ènìyàn kò bá jẹun lásìkò, ásíìdì tí kò rí oúnjẹ dà yóò kọjú sí ògiri àpòlúkù.

Nọ́ọ̀sì

Bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí ààbò náà bá ti gbọ̀jẹ̀gẹ́ ni ọgbẹ́ ti ń yọ, ìbáà jẹ́ nínú àpòlúkù tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Ebi kọ́ ló ń dá a sílẹ̀. Gbogbo wa là ń sùn di àárọ̀ láìsí oúnjẹ nínú àpòlúkù, ògiri rẹ̀ kì í sì í tìtorí bẹ́ẹ̀ dá ihò. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ta, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń dá a lẹ́bi.

Ohun méjì ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Èkíní ni kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, tó ń gbé inú ohun yíyọ̀ tí Olùkọ́ ṣàlàyé, tó sì ń ṣe ammonia yí ara rẹ̀ ká kí ásíìdì má bàa pa á. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbà pé kòkòrò kankan lè gbé irú ibẹ̀. Ní Ọsirélíà, ní ọdún 1984, dókítà Barry Marshall gbé omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀ mu. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, nígbà tí wọ́n sì yẹ àpòlúkù rẹ̀ wò, ó ti wú, kòkòrò náà sì wà níbẹ̀. Òun àti Robin Warren, tí wọ́n jọ ṣèwádìí kòkòrò náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní kòkòrò yìí tí ọgbẹ́ kò yọ sí nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ sí, oògùn apakòkòrò àti èyí tó ń dín ásíìdì kù ni wọ́n máa ń fún un pọ̀.

Èkejì ni oògùn apàrora bí aspirin àti ibuprofen. Ara ń ṣe ohun kan tó ń jẹ́ prostaglandin, tó ń mú kí ìrora le sí i níbi tí ara bá ti fara pa, ṣùgbọ́n tó tún jẹ́ pé òun ló ń sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù pé kí wọ́n tú ohun yíyọ̀ àti bicarbonate jáde. Oògùn náà ń dá a dúró níbi méjèèjì. Kì í ṣe nítorí pé ó gba ẹnu wọlé nìkan: kódà bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, ó lè ṣe àpòlúkù ní jàǹbá. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà tàbí tó ń bì ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sílé.

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Apòògùn àti Nọ́ọ̀sì. Kí n fi kún un pé ọ̀nà ọ̀fun kò ní irú ààbò tí àpòlúkù ní, iṣan kan tó ń fún ẹnu ọ̀nà pa nísàlẹ̀ rẹ̀ ló gbára lé, ìdí nìyẹn tí àyà fi máa ń jóni nígbà tí ásíìdì bá gòkè. Ní ti ìfun kékeré, kò dúró de ìgbà tí ásíìdì yóò ṣe é léṣe. Bí ásíìdì bá ti kan ojú rẹ̀, yóò tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀, ohun náà yóò dé ọ̀dọ̀ pancreas, pancreas yóò sì rọ bicarbonate wá. Ní ọdún 1902, William Bayliss àti Ernest Starling gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó so mọ́ apá kan ìfun ajá, wọ́n da ásíìdì sí i, pancreas sì ṣì dáhùn. Wọ́n pe ohun tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ náà ní secretin, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní họ́móònù.